Pàjáwìrì Kì Í Tò Sórí Ìlà

Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Ọ̀gá wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín láàárọ̀ yìí, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọkùnrin yẹn kì í rẹ́rìn-ín kó tó mu tíì àfi tó bá ti lọ fi iṣẹ́ ẹlòmíì ṣèlérí níbì kan. Òótọ́ sì ni. Ó ti sọ fún àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn pé kí oṣù keje tó parí, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé á ti máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tiwa. Kò bi mí. Èmi tí màá ṣe é, ẹ̀yìn ògiri tí kò nípọn ju bébà lọ ni mo jókòó sí, kò sì na ọrùn wò mí kó ní, "Ṣé ó tiẹ̀ ṣe é ṣe?"

"Ṣebí kí ètò kan rán èkejì níṣẹ́ náà ni," ó ní. "Kí ló wá le níbẹ̀?"

Ẹnu dùn ún ròfọ́! Ètò àwọn ọmọ yẹn, ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́ ti kógbá sílé tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kóòdù ẹ̀ lọ́wọ́, a ò lè yí lẹ́tà kan padà nínú ẹ̀. Orí irú ẹ̀rọ àtijọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n gbé. Ó sì pín sí wẹ́wẹ́: èyí ń wo ooru inú àpótí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí, èyí ń wo èémí ọmọ, èyí ń lu aago bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ń ránṣẹ́ síra wọn, iṣẹ́ náà á tò sórí ìlà nínú kókó ẹ̀rọ, ètò ìsàlẹ̀ tó ń darí gbogbo yòókù, títí ẹni tó ni ín á fi wá mú un. Ta ló ń ṣáájú, ta ló ń dúró, ọwọ́ kókó ẹ̀rọ ni gbogbo ẹ̀ wà. Kókó tiwa ò dẹ̀ tò bẹ́ẹ̀. Èmi ni kí n wá kọ́ ọ kó máa sín tọ̀hún jẹ, kí ètò náà má fura rárá pé òun ti kó kúrò nílé.

Ẹ̀rọ àtijọ́ méjì ni ilé ìwòsàn ní. Ọ̀kan ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà ní yàrá àwọn ọmọ yẹn, ní èkejì ń húkọ́, pé tí iná bá lọ tó sì dé, àdúrà làwọn fi ń tàn án.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe tìtorí ẹ̀rín Ọ̀gá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo fi abala àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Ìwé-Sọ-Pé lánàá. Ó ti dá a padà.

Èmi ni mo sọ bàbá yẹn lórúkọ, torí kò sí lẹ́tà tó kọ tí kì í bẹ̀rẹ̀ pé "Ìwé sọ pé." Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kókó ẹ̀rọ wa. Ìlú mìíràn ló ń gbé, kò sẹ́ni tó rí i rí ní ọ́fíìsì yìí, ṣùgbọ́n kóòdù kankan ò lè wọnú kókó láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ìwé tó ń wí ni ìwé atọ́nà ẹ̀rọ àtijọ́, ìwé gbàǹgbà tó ṣe é fi dá ilẹ̀kùn dúró. Ó mọ̀ ọ́n sórí bí ẹni pé òun àti ẹ̀ jọ dàgbà.

Lónìí, ó ní mi ò ka iṣẹ́ òfìfo mọ́ àwọn iṣẹ́ tó wà lórí ìlà. Ìwé sọ pé bí ẹnì kan bá ránṣẹ́ tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀, iṣẹ́ náà ni, kí n kà á. Mo bínú, mo lọ wo ìwé. Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù lára bàbá yẹn ni pé ó máa ń tọ̀nà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò látàárọ̀. Iná lọ. Búrẹ́dì tún gbówó lórí, wọ́n sì tún dín in kù, àfi bíi kèèkì ọmọdé. Ta ni kéèyàn tiẹ̀ bínú sí ná?

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó yege! Gbogbo ìdánwò tí mo kọ fún un ló yege, Ìwé-Sọ-Pé fọwọ́ sí i láìjanpata, ètò àwọn ọmọ sì gbéra lórí ẹ̀rọ tiwa bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo jó láàárín ọ́fíìsì. Mi ò tijú.

Mo délé, mo sọ fún baálé mi. Káfíńtà ni, kò sí ohun tí kì í fi wé pákó. Ó ní, "Ṣé o ti jókòó lé e?" Mo ní kí ni? Ó ní tí òun bá kan àga tán, òun kì í sọ pé ó dára títí èèyàn tó sanra á fi jókòó lé e. Mo ní kó má bà mí láyọ̀ jẹ́, kó lọ fọ abọ́.

Ó lọ fọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìtìjú! Ojú tì mí lónìí, ó tì mí kanlẹ̀.

A gbé ẹ̀rọ wa lọ sílé ìwòsàn, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kí àwọn méjèèjì jọ máa gbọ́ ohun kan náà. A ò fi ọmọ dán an wò o. Àpótí kan ṣófo, Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ìgò omi gbígbóná síbẹ̀. Ó fi aṣọ wé e bí ọmọ jòjòló, ó ní ọwọ́ òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan síbẹ̀ láìwé e. Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀gá de táì.

Ẹ̀gbọ́n mi fa wáyà ooru àpótí náà yọ. Aago ẹ̀rọ àtijọ́ ké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tiwa dákẹ́. A dúró. Ọ̀gá wúkọ́. A tún dúró. Nígbà tí aago tiwa wá dún nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, Ẹ̀gbọ́n mi ti ká ọwọ́ lẹ́rán, kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi.

"Kí lẹ ń pe eléyìí?" ó bi Ọ̀gá.

"Màdáàmù, ó ṣáà dún. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni."

"Díẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn. "Àtẹ́lẹwọ́ kan ni mo fi ń gbé ọmọ tó wà ní ìdí fèrèsé yẹn. Ẹ lọ bá a sọ ọ́, pé díẹ̀ ni."

Ọ̀gá yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Ṣebí o sọ pé ó yege?" Èmi tí mo kọ ọ́, òun tó ṣèlérí, èmi ló wá di ẹlẹ́bi. Nínú ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́!

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mò ń wá àṣìṣe tí kò fẹ́ jáde. Ní ọ́fíìsì, tí mo bá fa wáyà yọ, aago ń dún kí n tó mú ọwọ́ kúrò. Mo fà á, ó dún. Mo fà á, ó dún. Ó fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn yòókù ń ṣe lọ́wọ́ ní yàrá nígbà tí ẹ fa wáyà yẹn?"

"A ń wọn àwọn ọmọ. Àkókò ìwọn ni."

Mo fọwọ́ lérí. Tí wọ́n bá ń wọn ọmọ, gbogbo àpótí ló ń ṣí tó ń pa dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì máa ròyìn: wọ́n ti ṣí mi o, wọ́n ti pa mí dé o, ooru mi lọ sílẹ̀ díẹ̀ o, ó ti padà o. Ìlà á kún fọ́fọ́ fún iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Pàjáwìrì á wá dé, á rí i pé kò sáyè, á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí èèyàn jẹ́jẹ́. Ìyẹn gan-an ni ìwé sọ pé kó ṣe: bí ìlà bá kún, kí ẹni tó ń ránṣẹ́ dúró, ì báà jẹ́ ta ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ náà gbọ́ ariwo ìwọn yẹn. Kí ló dé tí tiẹ̀ ò dúró?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Àwọn nọ́ọ̀sì gbà láti fi ojú ṣọ́ àwọn ọmọ lọ́sàn-án yìí kí n lè gba ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tètè o. Bí o bá pa á, èmi náà á pa ọ́." Kò rẹ́rìn-ín.

Mo fi iṣẹ́ yẹpẹrẹ kún ìlà ẹ̀ títí kò fi gba abẹ́rẹ́ mọ́. Mo wá rán pàjáwìrì kan sí i. Kò dúró! Ẹ̀rọ náà mú èyí tó ti pẹ́ jù nínú àwọn iṣẹ́ yẹpẹrẹ, ó jù ú nù, ó gbé pàjáwìrì síwájú gbogbo wọn. Mo tún un ṣe. Ohun kan náà. Mo padà délé, mo ka ìwé yẹn láti èèpo dé èèpo. Kò sí i níbẹ̀. Òdìkejì ẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀.

Ìwé parọ́. Ìwé gbàǹgbà gbangba yẹn parọ́ fún mi láti ọjọ́ kìíní, mo sì ń wárí fún un. Ìdánwò tí mo sì ń jó sí, inú kí ni mo ti kọ ọ́? Inú ìwé yẹn náà ni. Ẹni tó dáhùn ìbéèrè ló tún kọ ìbéèrè, kí ló fẹ́ mú un tí kò fi ní yege? Baálé mi sọ ọ́ o. Mi ò ní sọ fún un pé ó sọ ọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Mo ṣe àtúnṣe, mo fi ránṣẹ́ sí Ìwé-Sọ-Pé. Mo ṣàlàyé tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀: ìlà kún, pàjáwìrì dé, ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe báyìí báyìí, èyí ni ẹ̀rí. Ìdáhùn ẹ̀ rèé, mo kọ ọ́ síbí kí ìbínú mi má bàa ṣá:

"Ìwé sọ pé kí ó dúró. Ohun tí o rí lára ògbólógbòó ẹ̀rọ kan, àìsàn ẹ̀rọ náà ni. A kì í kó àìsàn ẹlòmíràn wọlé. Èmi ò fọwọ́ sí i."

Ẹ gbà mí! Kí n sín ẹ̀rọ yẹn jẹ ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ sín atiro jẹ, ṣé kò gbọ́dọ̀ tiro ni? Ètò àwọn ọmọ ò ka ìwé kankan. Ẹ̀rọ tó bá nílé ló mọ̀, ìwà ẹ̀ ló sì gbọ́kàn lé. Mo kọ èsì mẹ́ta, mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, torí ìyá mi ò kọ́ mi kí n máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà.

Baálé mi yọjú láti yàrá. "Ìyá Ẹ̀rọ, ṣé ò ń kọ̀wé ni àbí ò ń kan ìṣó?"

Mo ní kó kúrò níwájú mi. Ó gbé omi tútù wá, ó wá kúrò.

Ajé, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀gá gbé bébà síwájú mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí. Mo ní mi ò fọwọ́ sí i.

"Ìgbà wo gan-an ni ìlà yìí ń kún?"

"Tí wọ́n bá ń wọn ọmọ."

"Ṣé o rí i?" Inú ẹ̀ dùn. "Gbogbo wọn á ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ojú wọn á wà lára ọmọ."

"Ojú wọn á wà lára ọmọ tí wọ́n ń wọ̀n, Ọ̀gá. Àwọn yòókù ńkọ́?"

Ó ní èmi kì í ṣe dókítà. Mo ní ẹ̀yin náà ẹ kì í ṣe dókítà, ẹ sì ti lọ ṣèlérí. Ó ní ìwé wà lẹ́yìn òun, bàbá tó ń ṣọ́ kókó wà lẹ́yìn òun, ta ló wà lẹ́yìn tèmi? Mo jáde, mo dúró nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, mo sunkún ìbínú. Mo nu ojú, mo padà wọlé, mi ò sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Ooru. Ọ̀gá ò kí mi, èmi náà ò kí i. Ó ní òun á wá ẹlòmíì tó máa fọwọ́ sí i. Kó wá a. Gbogbo ọ́fíìsì ń wolẹ̀ tó bá ti kọjá lẹ́bàá tábìlì wọn.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ẹ̀rọ àtijọ́ ti kú. Iná lọ láàárọ̀, iná dé, òun ò dé.

Mo lọ síbẹ̀. Wọ́n pín ara wọn sí ìdí àpótí, oníkálukú jókòó ti tiẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ọmọ, wọ́n ń wo àyà bó ṣe ń gbéra tó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì lọ sílé láti àná. Ojú ẹ̀ pọ́n.

Ọ̀gá náà dé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé tiwa síbẹ̀ bó ṣe wà yìí. Ó ṣáà sàn ju òfo lọ."

"Kò sàn," ni Ẹ̀gbọ́n mi wí, kò gbé ojú kúrò lára ọmọ. "Bí a bá mọ̀ pé kò sí aago, ojú wa ò ní kúrò lára wọn. Tẹ́ ẹ bá gbé aago tó ń pẹ́ síbẹ̀, a ó gbọ́kàn lé e, a ó yíjú. Ọjọ́ tí a bá yíjú ni ọ̀kan máa lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn làwa náà. Ẹ ṣe nǹkan. A ò lè ṣe báyìí pẹ́."

Mo lè ti àtúnṣe mi bọ inú ẹ̀rọ fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kì í gba kókó tí bàbá yẹn ò fọwọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é kí ẹnikẹ́ni má lè kó ayédèrú wọlé. Èmi náà wà lára àwọn tó ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo gba nọ́ńbà bàbá náà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ó fún mi, ó ń kùn.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo pè é. Ohùn tín-ínrín kan dáhùn, ohùn àgbàlagbà tó ń dá gbé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Èmi ni ẹni tí ẹ̀ ń dá iṣẹ́ ẹ̀ padà."

"Háà. Ọ̀rọ̀ ìlà yẹn. Ìwé sọ pé..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀!" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi. "Ẹ má bínú. Mi ò rí yín fín. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Ta ló tiẹ̀ kọ ìwé radarada yẹn ná?"

Mo gbọ́ tó pa ìwé kan dé.

"Èmi ni," ó ní.

Mo jókòó.

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ náà. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ẹ̀. Mo kọ ọ́ bí gbogbo wa ṣe fẹnu kò sí. Ìwé ti jáde tán kí àwọn kan tó yọ́ wọnú kókó lọ, wọ́n ki òfin tiwọn, pé kí pàjáwìrì fo ìlà, bọ̀ ọ́, wọn ò sọ fún mi. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní rárá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún ìwé tẹ̀, wọ́n ní owó ò sí. Gbogbo ayé ń ka irọ́, orúkọ mi ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n sọ mí di òpùrọ́, ọmọ mi. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ìyẹn ni pé ẹ mọ̀. Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni."

"Mo mọ̀. Mo sì búra pé kókó tí èmi bá ń ṣọ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ní wọ ibẹ̀."

Orí mi gbóná. Èmi ń wá àṣìṣe kiri bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù, bàbá yìí sì ti mọ ibi tó wà! "Bàbá, ìbínú yín ni àwọn ọmọ yẹn á wá fi ẹ̀mí wọn san?"

"Ọmọ wo?"

"Àwọn ọmọ inú àpótí. Àwọn tí oṣù wọn ò pé."

"Ọmọ wo lò ń sọ? Ìlà lo kọ nípa ẹ̀. Pàjáwìrì lo kọ."

Òótọ́ ni. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo kọ sí i, mi ò dárúkọ ọmọ rí. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í sọ ohun tí nǹkan wà fún. Bó ṣe ń ṣe la máa ń sọ. Tí ẹnì kan bá kọ ohun tó wà fún, a ó ní ó ń sunkún síni lọ́rùn, a ó dá a padà. Èmi náà ti dá ti àwọn kan padà rí.

Mo wá sọ ọ́. Mo sọ ti aago, ti ìgò omi, ti ẹ̀rọ tó kú lánàá, ti àwọn tó jókòó tí wọ́n ń wo àyà ọmọ. Mo ní, "Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá, mi ò pa òwe fún yín. Orí ọmọ tuntun gan-an ni mò ń wí."

"Ta ló ń ṣọ́ wọn báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Òun àti ẹni tó bá ṣì lè dìde dúró."

Mo gbọ́ tó ń wá nǹkan lórí tábìlì, bóyá awò ojú ẹ̀ ni. "Tún un fi ránṣẹ́," ó ní, ó sì pa fóònù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó dá a padà! Ó ní àlàfo pọ̀ jù níwájú ìlà kóòdù kan. Mo tún un ṣe. Ó tún dá a padà, ó ní ó ti kéré jù báyìí. Ọmọ ń bẹ nínú àpótí, bàbá ń wọn àlàfo! Mo kígbe débi pé Ọ̀gá jáde wá wò bóyá iná mú mi.

Lọ́sàn-án, ó fọwọ́ sí i. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ àlàyé kan sókè kóòdù mi, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ṣí kókó yẹn á ti máa rí i: "Ìwé kò sọ èyí. Ìwé ló ṣì í. Èmi ni mo kọ ìwé."

Mo kà á, mo tún un kà. Mo ṣì ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bínú tó mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A gbé e síbẹ̀. Àkókò ìwọn ni Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ọ́mọ̀ mú. Ó fa wáyà yọ, aago ké kó tó tú ọwọ́ ká. Ó tún un ṣe títí ọkàn ẹ̀ fi balẹ̀, ó wá lọ jókòó sórí àga ní kọ̀rọ̀, oorun gbé e lọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn sọ̀kalẹ̀ wá ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ọ̀gá dúró láàárín. Ó pè mí, mo tún aṣọ mi ṣe, mo sún mọ́ wọn. Fóònù ẹ̀ ló nà sí mi, pé kí n bá wọn yà á.

Mo yà á. Mo gé orí ẹ̀ kúrò.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀gá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo ilé iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara ẹ̀ dáadáa. Mo ń kọ èsì tó máa jẹ́ kí wọ́n lé mi dànù lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò kí mi.

"Ó dún," ó ní.

Mo dìde. "Ìgbà wo?"

"Ìsinsìnyí. A ń wọn ọmọ, ọwọ́ gbogbo wa dí. Àpótí tó wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, ooru ẹ̀ kú. Kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀. Àbúrò, kò sẹ́nì kankan tó ń wo ibẹ̀."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Mo dé ibẹ̀ kí ara ẹ̀ tó tutù. Ó ń bẹ. Ó ti wà nínú àpótí mìíràn."

Mo jókòó. Ariwo obìnrin kan ń bọ̀ látẹ̀yìn ohùn ẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń pariwo.

"Ìyá ọmọ ni. Inú ń bí i. Ó ní ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, pé irú aago burúkú wo nìyí tó ń dá ọmọ níjì. Mo gbìyànjú, kò gbọ́. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó gbé e síbẹ̀."

"Ẹ fún un ní fóònù."

Obìnrin náà gbà á. Háà, ó bú mi! Ó ní ṣé èmi ò bímọ ni? Ṣé èmi ò mọ ohun tí ojú òun rí kí ọmọ yìí tó sùn? Ó ní irú ìwà ìkà wo ni kéèyàn gbé irú ariwo bẹ́ẹ̀ sí yàrá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, pé ẹni tó ṣe é ò láàánú lójú rárá. Mò ń sọ pé ẹ má bínú, mà, ẹ má bínú. Lẹ́yìn ohùn ẹ̀, mò ń gbọ́ ọmọ náà. Igbe kékeré, gbígbóná, tí kò fẹ́ gba ìpẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ó bú mi tán, ó ní òun fẹ́ pa fóònù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì pa á, ọmọ ṣì ń ké.